Sí ọmọbìnrin mi, kí ó tó dá ọkùnrin náà lóhùn

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bírò. O ní ọkùnrin náà ti ní òun fẹ́ fi ọ́ ṣe aya, pé ó fẹ́ kí ẹ ṣe ìgbéyàwó kí òun tó padà sórí pápá bọ́ọ̀lù tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, àti pé ọmọ rẹ ti ń pè é ní dádì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. O wá bẹ̀ mí pé kí n má fi èrò ọkàn mi pamọ́ fún ọ. N kò ní fi í pamọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n àsìkò tí ó dá ń bà mí lẹ́rù, ọ̀rọ̀ àsìkò náà ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

N kò gbàgbé ọjọ́ tí ẹ pàdé, nítorí ojú mi ni ó ṣe. Ọmọ rẹ jókòó sáàárín wa lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, wọ́n ti fi P.O.P. di apá rẹ̀ tí ó ṣẹ́, ọkùnrin gíga kan sì ń fi ọ̀pá méjì ti abíyá bọ̀, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ọmọ náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ṣubú ni?" Ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ṣubú, kò sì sí ẹni tí ó ti òun. Ọmọ náà sún kúrò, ó sì fi ọwọ́ tí kò ṣẹ́ gbá bẹ́ǹṣì náà kí ó lè jókòó. O rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà ti kó ẹrù rẹ̀ jáde, ọdún márùn-ún gbáko, n kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ.

Mo tún rí nǹkan mìíràn tí n kò sọ fún ọ. Ìwọ wà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ sáré wọlé tí ó sì kọ lu orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ọkùnrin náà di apá àga mú títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ síta, kò sì mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó dúró gbagidi. Nígbà tí ọkùnrin náà yóò fi la ẹnu, ohun tí ó sọ ni pé, "Kò pa mí. Wá, jẹ́ ká ka oókan, eéjì, títí yóò fi lọ." Wọ́n kà á dé ogójì kí ojú rẹ̀ tó rọ̀. Ìrora a máa tú àṣírí ènìyàn ju ọtí lọ, ọmọ mi. Ẹni tí ara ń ro tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì rántí pé ọmọdé ń wo òun, ẹni tí a lè bá gbé ni.

O kọ ọ́ sí mi pé oṣù karùn-ún rèé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pé orúnkún náà kò dùn ún mọ́, pé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti fara balẹ̀ gbọ́ mi. Iṣan orúnkún rẹ̀ tí ó já yẹn, tí àwọn dókítà ń pè ní ACL, ni ó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun nínú orúnkún, bí ó bá sì ti já pátápátá, kì í sábà so ara rẹ̀ pọ̀ mọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń mú iṣan mìíràn nínú ara, láti ẹ̀yìn itan tàbí láti iwájú orúnkún, wọn a sì fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tuntun náà kì í le lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, agbára rẹ̀ tilẹ̀ máa ń dín kù ná, nígbà tí ara bá ń sọ ọ́ di tirẹ̀, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń sọ pé kí eléré ìdárayá má padà sí ìdíje kí oṣù 9 tó pé, ó kéré tán, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ yá tó. Wíwú á ti wálẹ̀, ìrora á ti lọ, bẹ́ẹ̀ iṣan kò tíì gbó. Àsìkò tí kò dunni mọ́ yẹn ló léwu, nítorí ìrora tí ì bá kìlọ̀ fún ènìyàn ti dákẹ́.

Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í lè sọ ìtàn Ronaldo, agbábọ́ọ̀lù ará Brazil, láìmi orí. Iṣan iwájú orúnkún ni tirẹ̀. Ó farapa lóṣù kọkànlá ọdún 1999, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà sórí pápá lóṣù kẹrin ọdún 2000, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Inter, ń bá Lazio gbá. Kò tíì lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí iṣan náà fi já pátápátá, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, tí ó sì ń ké lórí koríko. Ó lé ní ọdún kan kí ó tó tún lè gbá bọ́ọ̀lù. Ronaldo yìí kan náà ni ó gbá góòlù 8 sáwọ̀n ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002, méjì nínú wọn ní àṣekágbá pẹ̀lú Jámánì. Ohun tí bàbá rẹ máa ń tẹnu mọ́ ni pé ẹsẹ̀ kan náà ni, àsìkò ni kò jọra.

Àyìnkẹ́, ìwọ náà ní iṣan tí ó já. Mo mọ̀ pé kò dùn ọ́ mọ́. O lè dárúkọ bàbá ọmọ rẹ nísinsìnyí láìjẹ́ pé ohùn rẹ yí padà, o ti ń sùn, o ti ń kọrin nídìí iṣẹ́ ilé. Ayọ̀ tí o rí kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n a kò tíì gbé ẹrù lé e.

Ìjókòó ni ìwọ àti ọkùnrin yìí bá ara yín. Ẹni tí o mọ̀ ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, tí ó lè mú ọmọ lọ sílé ìwé kí ó sì mú un bọ̀, tí ó lè fi odindi ọ̀sán bá a to bíríkì onírọ́bà, nítorí pé kò sí ibi tí ó ń lọ. Bí orúnkún náà bá gbà, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni yóò máa pàṣẹ fún un, ìrìn-àjò yóò dé, ọ̀sẹ̀ yóò máa kọjá tí kò ní sí nílé. Ọmọ rẹ ti rí ọkùnrin kan rí tí ó gbé àpótí jáde tí kò padà wá. Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́fà yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín àpótí ẹni tí ó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù àti àpótí ẹni tí ó ń kó lọ? Àfi kí ó rí i, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, pé ọkùnrin náà lọ, ó sì padà lọ́jọ́ tí ó dá. Kí ẹ ti ṣe èyí fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó wọ inú ilé kan náà.

Bí orúnkún náà kò bá sì gbà ńkọ́? Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbá góòlù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nípò rẹ̀ ni ó gbá a, ọkùnrin rẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì bọ́ síta. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣe. Ìwọ ni mo ń wò. Ọṣẹ wà lórí ọmọ rẹ nínú balùwẹ̀, o fi í sílẹ̀, o sáré tẹ̀ lé ọkùnrin náà, èmi ni mo sì bomi ṣan orí ọmọ. Nínú lẹ́tà rẹ, o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin pé, "Ó nílò mi." Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn rẹ. Bàbá ọmọ rẹ náà nílò rẹ títí ọjọ́ tí kò nílò rẹ mọ́. Jẹ́ kí ọkùnrin yìí rí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀, bóyá àwọn tí ó ń tọ́jú ọkàn àwọn eléré ìdárayá, bóyá ọ̀rẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Bí ìwọ nìkan bá di ọ̀pá tí ó fi ń ti abíyá, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ jù sílẹ̀ nígbà tí ó bá lè dá rìn.

Mo jẹ ọ́ ní gbèsè kan tí ó ti pẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni mo kánjú. Oyún ti hàn, mo ń ronú ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ, mo sì tì ọ́ lọ sílé ọkùnrin tí ìwọ fúnra rẹ ti sọ fún mi pé ó ń jágbe mọ́ ọ. Mo ní yóò yí padà. Dárí jì mí, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń sọ pé kí o dúró yìí, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí o dá wà.

Nítorí náà, sọ fún un pé o fẹ́ràn rẹ̀, má fi ìyẹn falẹ̀ rárá. Kí o wá sọ fún un pé ọjọ́ ìgbéyàwó yóò dúró di ìgbà tí ó bá ti padà sórí pápá fún ìgbà díẹ̀, tàbí tí dókítà bá ti sọ fún un gbangba pé kò ní lè padà, tí ẹ̀yin méjèèjì sì ti gbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Bi í ní ojúkojú pé kí ni yóò máa ṣe jẹun bí ìwé àdéhùn rẹ̀ bá parí; ìbéèrè yìí kò tini lójú. Ní ti orúkọ tí ọmọ náà ń pè é, má ṣe bá ọmọ wí, má sì kọ́ ọ sí i. Bi ọkùnrin náà pé, bí ọ̀rọ̀ ìwọ àti òun bá tilẹ̀ forí ṣánpọ́n, kí ni yóò sọ fún ẹni tí ń pè é ní dádì? Bí ó bá bínú pé o ní kí òun dúró, o ti mọ ohun kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò rò pé yóò bínú. Ẹni tí ó fi sùúrù ka ogójì fún ọmọdé mọ̀ pé nǹkan a máa gba àkókò.

P.O.P. tí wọ́n gé kúrò lápá ọmọ rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, àti bọ́ọ̀lù wíwọ́ tí ọkùnrin náà fi bírò yà sí i lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí yóò bá kọ́kọ́ padà gbá, tètè ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò mójú tó ọmọ, kí ìwọ lè jókòó kí o sì wò ó dáadáa bí ó ṣe ń sáré.

Èmi ni,
Ìyá rẹ