Ẹ má fi orúnkún nìkan wọn Carolina Marín

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Carolina Marín, ọmọ Spéìn tó ń gbá badminton (eré tí wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kọjá àwọ̀n), lójú ewé eré ìdárayá yín, ó sì dùn mí wọra. Láti òkè délẹ̀, ẹkún tó sun ní Paris àti orúnkún tó ń dà á láàmú ni ẹ ń sọ. Ẹni tí kò mọ obìnrin náà yóò rò pé olórí burúkú kan ni.

Kí ó tó dé, ta ló ń fojú sọ́nà fún ọmọ Spéìn nínú badminton? Láti 2000 títí di 2012, àwọn ọmọ Ṣáínà ló ń gba wúrà Olympics fún àwọn obìnrin tó ń dá gbá a, ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra. Nínú àṣekágbá Olympics ní Rio, 2016, P.V. Sindhu ti Íńdíà gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 21–19. Marín gba méjì tó kù, 21–12 àti 21–15, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Éṣíà tó gba wúrà yẹn. Ó ti gba ìdíje àgbáyé ní 2014 àti 2015, ó tún gbà á ní 2018. Kò sí obìnrin tó ti dá gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí ṣáájú rẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ wo bó ṣe ń gbá a! Ọlọ́wọ́ òsì ni, kì í sì í jẹ́ kí alátakò rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ayò kan ò tíì tán tó ti ń wá òmíràn, igbe rẹ̀ á sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. Àwọn kan kórìíra igbe yẹn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n eré yìí kì í ṣàánú orúnkún: èèyàn á ta gìrì síwájú, á dúró lójijì lórí ẹsẹ̀ kan, á tún fi ẹsẹ̀ náà ti ara rẹ̀ padà sẹ́yìn, àìmọye ìgbà. Iṣan orúnkún ọ̀tún rẹ̀ já ní oṣù kìíní 2019; nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, ó ti gba ìdíje China Open. Ti òsì já ní 2021, kò sì lè lọ sí Olympics Tokyo.

Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá Olympics ní Paris, 2024, ó ti na He Bingjiao ti Ṣáínà ní sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 21–14, ó sì ń ṣíwájú ní 10–8 nínú ìkejì nígbà tí orúnkún dá a dúró, He sì bọ́ sí àṣekágbá. He fúnra rẹ̀ mú báàjì Spéìn dání láti bu ọlá fún Marín nígbà tó lọ gba fàdákà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa Marín, ẹ fi àwọn ayò wọ̀nyí sí i, kí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ eré yìí lè rí wọn kà.

Èmi ni òǹkàwé yín.