Ṣé Èèyàn Á Fẹ́ Padà Gbá A Lọ́la?

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè. Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa tá a fẹ́ràn gọ́ọ̀fù: ṣé torí pé pápá kan dùn ún gbá la ṣe máa yìn ín, àbí torí pé ẹni tó yàwòrán rẹ̀ mọ iṣẹ́? Lójú tèmi, bí pápá ò bá dùn ún gbá, iṣẹ́ ẹni tó yà á ò tíì pé, ì báà jẹ́ àrímáleèlọ.

Mo ti gbá irú rẹ̀ rí. Ìran àpéwò ni: adágún omi lọ́tùn-ún, kòtò iyanrìn funfun báláú lósì, koríko tẹ́ bí ẹní tuntun. Ká tó dé ihò kẹfà nínú méjìdínlógún tá a fẹ́ gbá, bọ́ọ̀lù mi mẹ́rin ti wọmi. Ti ẹnì kejì mi wọ inú koríko gíga, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi tú u wò títí ẹ̀yìn fi ń ro wá. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Nígbà tá a ṣe tán, ó ní pápá náà dára gan-an. Mo bi í pé ṣé ká padà wá lọ́la. Ó mirí.

Alister MacKenzie, tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú yíya pápá, ti kọ ọ́ láti 1920 pé pápá ò gbọdọ̀ máa fi wíwá bọ́ọ̀lù tó sọnù yọ èèyàn lẹ́nu. Oníṣẹ́ ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi.

Ẹ wá wo ihò kẹtàlá ní North Berwick, ní Scotland. Ògiri òkúta kan dábùú iwájú gíríìnì, ìyẹn ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, gbọnrangandan. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ dúró sídìí ògiri yẹn, kò sọ́gbọ́n tí èèyàn fẹ́ dá sí i ju kó gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sẹ́yìn. Ní Lahinch, ní Ireland, gíríìnì ihò karùn-ún sá pa mọ́ sáàárín àwọn òkè iyanrìn, ẹni tó ń gbá a ò sì rí i rárá. Òkúta funfun kan lára òkè ló ń júwe ibi tí ihò wà. Èèyàn á gbá a, bọ́ọ̀lù á fò kọjá òkè, ó di àwátì. Ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi gbéra lọ wò ó, ẹsẹ̀ ọmọdé ni! Bí ẹnì kan bá ya méjèèjì lónìí, wọ́n á ní kò mọ iṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn ihò wọ̀nyí ni àwọn tó gbá wọn kì í gbàgbé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìgbádùn ò ní òṣùwọ̀n, pé ohun tó dùn mọ́ ẹnì kan lè sú ẹlòmíì. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ẹ̀rín ọjọ́ kan sí. Ní 1921, Old Course, pápá àtijọ́ kan ní St Andrews ní Scotland, sú Bobby Jones, ìlú-mọ̀ọ́ká agbágọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, débi pé ó pa Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ilẹ̀ Britain, tì láàárín ọ̀nà. Ó padà wá ní 1927, ó sì gbégbá orókè níbẹ̀. Ó wá fẹ́ràn pápá yẹn dọ́jọ́ ikú. Kí ló wà níbẹ̀? Ọ̀nà gbòòrò, gíríìnì méje tí ihò méjì-méjì jọ ń lò. Bọ́ọ̀lù kì í tètè sọnù, ṣùgbọ́n ibi tó bá balẹ̀ sí ló máa sọ bóyá ìgbá tó kàn á ṣòro. Bí atẹ́gùn bá yí, gbogbo èrò yí. Kò sí ayàwòrán kan ṣoṣo tó lè ní òun lòun ya ibẹ̀, torí atẹ́gùn, àgùntàn àti àwọn tó ń gbá a látọdúnmọ́dún lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí Jones àti MacKenzie sì jọ ṣe pápá Augusta National ní Amẹ́ríkà, tó ṣí ní 1933, irú ọ̀nà gbòòrò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n là síbẹ̀, kòtò iyanrìn ò sì pọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí, Olóòtú. Bí àwọn akọ̀ròyìn yín bá tún lọ wo pápá tuntun, kí wọ́n má kàn ya fọ́tò adágún omi wá fún wa. Kí wọ́n gbá a, kí wọ́n ka iye bọ́ọ̀lù tó sọnù, kí wọ́n wo ojú àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ tó ń ti ihò kejìdínlógún bọ̀, kí wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń bọ̀ lọ́la.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín