Lẹ́tà sí Dèjì: dìtẹ́kítọ̀ wúrà tí o ní kí n bá ọ rà

Dèjì ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí àwọn fọ́tò ilẹ̀ pupa tí o fi ránṣẹ́ láti Itagunmodi, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bá mi kí Màámi, oògùn orúnkún wọn ti wà lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ dìtẹ́kítọ̀ yẹn, ẹ̀rọ tó ń ké bí irin tàbí wúrà bá wà nínú ilẹ̀: má tíì fi owó ránṣẹ́. Garrett Ace 250 tí o rí ní owó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ dáadáa ni, àmọ́ owó onírin àtijọ́ àti òrùka ni àwọn òyìnbó ibí fi ń wá lóko àgbẹ̀. Ìgbì 6.5 kilohertz ló ń rán wọlẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 6,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ó kéré fún wúrà wẹ́wẹ́. Wúrà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó lè gba orí rẹ̀ kọjá láìké. Ìgbì èyí tí wọ́n ṣe fún wúrà wẹ́wẹ́ máa ń ga jù bẹ́ẹ̀: 45 kilohertz ni Gold Monster 1000 ti Minelab, 71 ni Gold Bug 2 ti Fisher. Wọn kì í wọlẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n wọn kì í fo ohun kékeré.

Ilẹ̀ pupa yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Irin ló sọ ọ́ di pupa, ẹ̀rọ á sì máa ké lásán bí o kò bá kọ́kọ́ yí i bá ilẹ̀ mu. Àwọn tí wọ́n ń pè ní pulse induction, tó ń rán agbára òòfà wọlẹ̀ ní ìdákúrekú, irú GPX 5000 ti Minelab, ló ń fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Àmọ́ owó gọbọi ni wọ́n ń tà á, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣó yàtọ̀ sí wúrà. Wàá walẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi dùn ọ́, ìdérí ìgò lo máa bá níbẹ̀!

Èyí tí bọ̀bọ́ tí o sọ yẹn ń polówó, tó ní irin méjì tó ń yí síbi tí wúrà wà láti ọ̀nà jíjìn, jìbìtì pọ́ńbélé ni. Kọ́ìlì, ìyẹn àwo tó wà nísàlẹ̀ dìtẹ́kítọ̀, gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ilẹ̀ ni.

Wúrà Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń fọ̀ létí odò, lúbúlúbú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dìtẹ́kítọ̀ kankan ò lè gbọ́ ìyẹn, àwo ìfọ̀wúrà ló ń mú un, kò sì wọ́n. Fi àwo fọ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ wò ná. Àmọ́ kí o tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, wá ìwé àṣẹ: òfin ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì, ì báà jẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ.

Tí hóró gidi bá jáde, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì kan, ya fọ́tò rẹ̀ sí mi. Ìgbà yẹn ni mo máa ra Gold Monster.

Èmi ni,
Wálé