Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ àfín máa dé àkẹtẹ̀ nílé ìwé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ń wọlé lọ sùn sí, kí awọ ara wọn lè dú díẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti etí òkun dé. A rẹ́rìn-ín sí i ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Ìyàrà lóṣù kẹta, kí wọ́n wá bá wa ṣa kaṣú, ọ̀fẹ́ ni oòrùn tiwa. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí pé ọmọ mi kejì, àfín ni.

Irú ìtànṣán tó wà nínú oòrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní ultraviolet, ló ń jáde látinú ẹ̀rọ yẹn. Ojú kì í rí i, ara kì í sì í tètè mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí awọ bá ti jóná tán lèèyàn ń mọ̀. Ní 2009, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kó ẹ̀rọ náà sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú sìgá, pé ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ọdún yẹn náà ni Brazil fòfin dè é. Nígbà tó fi máa di 2016, Ọsirélíà ti ti gbogbo ilé tí wọ́n ti ń fi ṣòwò pa. Ní England, láti 2011, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn yẹn ṣòfin kí ọmọ wọn má baà fowó ra ìtànṣán. Ọmọ tèmi ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí pápá ilé ìwé láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Àwa tí ara wa dú, Ọlọ́run ti da aṣọ bò wá. Àwọ̀ dúdú yẹn ló ń gba ìtànṣán náà dúró kó tó ráyè wọlé. Àfín kò ní in, tàbí kó jẹ́ bíńtín ló ní. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe pé ìyá rẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ sí mi létí títí ó fi sú mi. Bàbá àti ìyá ló jọ gbé e wá. Bí àwọn méjèèjì bá ní àfín nínú ẹ̀jẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀, ọmọ kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kó jẹ́ àfín.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tún wà ńbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àfín kì í jẹ iyọ̀, pé iyọ̀ ló ń jẹ́ kí àmì dúdúdúdú yọ sí wọn lára. Ìyá ọkọ mi kò gbà kí n fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ọmọ náà rárá. Ọmọ ń jẹ ọbẹ̀ títẹ́, àmì ń yọ. Ojú, ọrùn àti apá ló sì ń yọ sí. Ẹ bá mi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣé iyọ̀ mọ ibi tí ẹ̀wù parí sí ni? Oòrùn ni o. Mo ti ń fi iyọ̀ sí i báyìí, Màmá náà sì ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì máa ń wo abọ́ ọmọ kí wọ́n tó wo tiwọn.

Ohun tó gbé mi dé orí ìwé kíkọ nìyí. Mo ra àkẹtẹ̀ fún ọmọ yìí, mo sì rán ẹ̀wù alápá gígùn fún un ní àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù wọn gan-an. Tíṣà ní kó ṣí i, pé a kì í dé fìlà lórí ìlà, pé apá gígùn kò sí nínú yunifọ́ọ̀mù. Bí ìwàásù àárọ̀ bá gùn, òkè etí rẹ̀ á pọ́n, á bó, á di èépá. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n á tún ní kó wá ṣán koríko. Nínú kíláàsì, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí torí ó ga, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú, kò sì rí ohun tó wà lójú pátákó. Wọ́n wá kọ ọ́ sí ríkọ́ọ̀dù rẹ̀ pé ó ń ya ọ̀lẹ.

Èépá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Orí àti ọrùn ni jẹjẹrẹ awọ ti máa ń mú àfín jù nílẹ̀ Áfíríkà, bí egbò kékeré tó kọ̀ tí kò jinná ló sì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè gé e kúrò, ó ń lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi àgúnmu tàbí ìpara kankan bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi jẹrà. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Mo bẹ àwọn alákòóso ẹ̀kọ́ ní Ìjùmú, Kàbbà-Bùnú, Mọ̀pàmúrò àti Yàgbà méjèèjì: ìwé ojú kan péré ló máa gbà yín. Kí ọmọ àfín máa dé àkẹtẹ̀, kó wọ alápá gígùn, kó jókòó síwájú, kó má sì ṣiṣẹ́ níta láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin. Ọyẹ́ tàbí kùrukùru kì í dí ìtànṣán yẹn tán. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) ya ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún àfín láti 2015, àwọn olóṣèlú wa a sì máa pín agbòòrùn, kí wọ́n ya fọ́tò. Ẹ ṣé o, àmọ́ òjò ló ń rọ̀ níbí lóṣù kẹfà. Oṣù kejì sí ìkẹrin, tí ọ̀dá mú, tí gbogbo ọmọdé wà lóko kaṣú, ni kí ẹ wá.

Ìpara tó ń dènà oòrùn, tí wọ́n ń pè ní sunscreen, ló kù. Èyí tí wọ́n bá kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára ló dára, wákàtí méjì-méjì lèèyàn sì ń tún un pa. Mo wá a dé ọjà Kàbbà. Ìpara abóra kún orí kántà láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ti pariwo ní 2023 pé bíbóra ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ẹni tí Ọlọ́run daṣọ bò ń sanwó kí wọ́n bá a bọ́ ọ! Mo béèrè tèmi, obìnrin náà na ọ̀kan sí mi pé òun náà ni. Mo yí i wò lẹ́yìn, abóra ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ìpara ní Kàbbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́, mo mọ̀ pé ohun tó ń tà lẹ̀ ń kó wá. Ẹ bá mi kó páálí kan wá. Bó bá kùtà, ẹ ránṣẹ́ sí mi ní Ìyàrà, èmi àti àwọn ìyá bíi tèmi á wá rà á tán.

Èmi ni,
Ìyá Ọmọ Àfín,
Ìyàrà-Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí.