Ẹ̀sùn lórí ẹ́ńjìnì 55cc tí ẹ tà fún wa: gásíkẹ́ẹ̀tì ló dí ihò, kì í ṣe epo

Kábbà, Ìpínlẹ̀ Kogi

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ̀wé sí wa pé wáráńtì kò bo ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù 55cc ti báálù oní-rìmóòtù (ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a ń darí láti ilẹ̀) tí a rà lọ́wọ́ yín, pé epo àti ọ́ìlì burúkú ló bà á jẹ́. A kò gbà. A ti tú u, a ti rí ibi tí àléébù wà, fọ́tò rẹ̀ sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Báálù oní-rìmóòtù tí ẹ́ńjìnì náà wà lára rẹ̀ fẹ̀ ní ìyẹ́ tó mítà 2.2, ó wúwo tó kílò 8, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ sì jẹ́ 22x8 (íǹṣì 22 ni gígùn rẹ̀, íǹṣì 8 ni ìtẹ̀síwájú rẹ̀ ní ìyíká kan). Tí báálù bá wà ní ìdúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí wàhálà: sílò rẹ̀ (ìyíká jẹ́jẹ́) dúró dáadáa, bí a bá sì ṣí tọ́rọ́tù (ohun tí ń mú eré rẹ̀ pọ̀) dé òpin, ẹ̀rọ tí ń ka ìyíká á kà tó 6,900 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n gbé imú rẹ̀ sókè pẹ̀lú tọ́rọ́tù ní òpin, kíá ni ohùn rẹ̀ á gbẹ, ìyíká á já wálẹ̀ sí 5,800, á sì kú. Ìdánwò tí a kì í fò kọjá nìyẹn kí ẹ́ńjìnì tuntun tó fi ilẹ̀ sílẹ̀: ẹ so ìrù mọ́ èèkàn, kí ẹni méjì di ara báálù mú láti ẹ̀yìn ìyẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ abẹ̀bẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ni ó máa ń fọ́n sí tó bá já. Ìwé ìlò yín kò mẹ́nu bà á rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí èèyàn jó epo táǹkì díẹ̀, kó sì gbé e fò.

Ẹ kọ́kọ́ ní ká ṣí súkúrù H, èyí tí ń díwọ̀n epo tó ń wọlé nígbà eré gíga, sí i. A ṣí i. Láti ìyíká kan àti ààbọ̀ tí ìwé yín sọ, a ń fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kún un títí ó fi pé méjì. Nígbà náà, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, epo ti pọ̀ jù: ẹ́ńjìnì ń kọsẹ̀, èéfín ń rú, ọ́ìlì ń kán láti ẹnu sàlẹ́ńsà. A gbé imú sókè, ó tún kú. Súkúrù tí kò tọ́ kì í fúnni ní epo àpọ̀jù nísàlẹ̀ kó tún fi ebi pa ẹ́ńjìnì lókè.

Ẹ tún ní ọ́ìlì ni. Mílílítà 100 sí bẹntiróòlù lítà 3 ni a pò, 30:1 gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí páálí yín ṣe wí, a sì fi asẹ́ sẹ́ epo náà. Ojú pílọ́ọ̀gì funfun; bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, dúdú ni ì bá jẹ́. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.5. Bátìrì iná rẹ̀, LiFe 6.6V, kò rẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Páìpù epo jẹ́ Tygon, ike tí a ṣe fún bẹntiróòlù, kì í ṣe sílíkónù tí bẹntiróòlù máa ń sọ di rọ̀bọ̀tọ̀. Kò sí ìfófó afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, ihò afẹ́fẹ́ táǹkì sì ṣí.

Ohun tó tú àṣírí náà nìyí. A yọ táǹkì yẹn kan náà, pẹ̀lú páìpù rẹ̀, a gbé e ga ju kábúrétọ̀ lọ, a sì gbé imú báálù sókè. Ẹ́ńjìnì kò kọsẹ̀ rárá. Epo tí ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ tó o. Èyí tí ó yẹ kí kábúrétọ̀ fà sókè ni kò tó.

Kábúrétọ̀ yìí kò ní abọ́ epo tí ohun kan ń léfòó nínú rẹ̀ bíi ti ọ̀kadà. Ọmọ ìyá èyí tó wà lára ẹ̀rọ tí àwọn agégẹdú fi ń la pákó ni. Afẹ́fẹ́ tí ń tì, tí ń fà, láti inú ikùn ẹ́ńjìnì ló ń gba ihò tóóró kan kọjá, láti mi dáyáfírámù (awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan) tí ń fa epo. Ihò náà la búlọ́ọ̀kù dúdú tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì já, ó sì yẹ kó la gásíkẹ́ẹ̀tì, pépà tí a fi ń dí àárín wọn, já pẹ̀lú. Nínú tiyín, wọ́n lu ihò gásíkẹ́ẹ̀tì sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì bo ju ìdajì ihò búlọ́ọ̀kù lọ. Bí ẹni tí a fi òwú dí imú rẹ̀ kan tí a wá ní kó sáré gun òkè! Nísàlẹ̀ ó ṣì lè mí.

A fi pépà gásíkẹ́ẹ̀tì mílímítà 0.5 gé tuntun, ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3. A kò fi gọ́ọ̀mù kankan sí i, torí bẹntiróòlù á rọ̀ ọ́, á sì ṣí lọ dí ihò. A dá súkúrù H padà sí ìyíká kan àti ààbọ̀. Ìyíká dúró ní 6,900, imú ìbáà wà nílẹ̀ tàbí lókè. Epo kan náà, ọ́ìlì kan náà, bátìrì kan náà. Ẹ́ńjìnì yín mìíràn tó wà ní Ìsánlú, tí nọ́ńbà rẹ̀ sún mọ́ tiwa, ní gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣì lù bákan náà. Nítorí náà, ẹ má sọ pé tiwa nìkan ló yàtọ̀.

Ìgbà tí báálù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tó ń gun òkè, gan-an ni ẹ́ńjìnì yìí máa kú. Kò tíì ga tó láti yí padà, àpáta àti oko iṣu ló sì yí pápá wa ká níbí. Kílò 8 tí abẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré tó bá já lé èèyàn lórí. Lẹ́yìn èyí, inú epo ni ọ́ìlì wà: bí epo bá ṣe ń dínkù, ni ọ́ìlì ń dínkù, ooru sì ń pọ̀. Láti ihò èéfín, a ti rí ìlà ibi tó ti họ lára píṣítìnì; bí ìmọ̀ràn yín lórí súkúrù H ṣe mú ká tún gbé imú rẹ̀ sókè sì lè ti fi kún un.

A fẹ́ píṣítìnì, rìǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ̀fẹ́, kí ẹ sì san owó wébíìlì wọn dé gáréèjì Kábbà. A kò ní fi ẹ́ńjìnì odindi ránṣẹ́ sí yín lówó ara wa. Ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ra ọ̀wọ́ yìí kí wọ́n yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì wò kí wọ́n tó fò ó, kí ẹ sì fi ìdánwò imú-sókè kún ìwé ìlò yín.

A ń retí èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí èsì náà bá tún dá lórí súkúrù H, a ó gbé ìwé yìí àti fọ́tò lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà.

Àwa tí ń fò báálù oní-rìmóòtù,
Kábbà àti Ìsánlú