Háàdì Dísìkì Rẹ Ti Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Sábó, Ìkòròdú
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Bàbá Tóyìn, ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ilẹ̀ Kánádà o. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àtàwọn ọmọ wà? Màmá ní kí n kí ọ. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

O ò tíì gbàgbé kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé fídíò ìgbéyàwó. RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, 4GB péré ni. Bí mo bá ti to fídíò mẹ́ta léra, ńṣe ló máa ń gan. Iná ara rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, inú rẹ̀ á máa ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń pa èkùrọ́, oníbàárà á sì jókòó tì mí, á máa wo aago.

Bí RAM bá ti kún, Windows á kó ohun tí kò lò lọ́wọ́ lọ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ pagefile.sys. Orí C ló wà, ìyẹn ọ̀kan nínú àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, níbi tí Windows fúnra rẹ̀ àti gbogbo iṣẹ́ mi há mọ́. Mo bá ní mo gbọ́n, mo gbé e lọ sórí D. Ó tún wá burú sí i! Ó tó ọjọ́ méjì kó tó yé mi pé háàdì dísìkì kan ṣoṣo ni C àti D mi, ẹni tó tà á fún mi ló pín in. Ọwọ́ kan náà tó wà nínú háàdì dísìkì ló ń sáré kàwé níhìn-ín, tó tún ń sáré kọ̀wé lọ́hùn-ún, bí ọlọ́kadà kan tó ń gbé èrò Sábó pọ̀ mọ́ ti Ẹ̀bùté. Ọ̀kadà kejì ni mo nílò.

Ni mo bá rántí kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, mo tú háàdì dísìkì inú rẹ̀. Eruku yẹn ò kéré! Mo so ó mọ́ tèmi, ó sì yọjú bí E.

Mo tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, mo kọ sysdm.cpl, mo wọ Advanced, Settings abẹ́ Performance, Advanced míì, kí n tó rí Change. Mo yọ àmì tó ní kí Windows máa dá a ṣètò. Mo fún pagefile ní àyè 8192 MB lórí E, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ dọ́gba, kí fáìlì náà má baà máa fẹ̀ kó sì fọ́n káàkiri. Mo fi 1024 sílẹ̀ fún C, torí bí Windows bá dákú, ibẹ̀ ló ti máa ń rí àyè kọ ohun tó ṣe é sí. Mo pa á, mo tún un tàn. Pàbó! Mi ò tẹ Set. Bọ́tìnì kékeré yẹn, bí o ò bá tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé o ò sọ nǹkan kan ni.

Mo padà lọ tẹ̀ ẹ́, ó sì ti ń ṣe dáadáa báyìí. Kò yára bí àṣá o. RAM gan-an ni oògùn rẹ̀, owó ẹ̀ ni kò tíì sí. Àmọ́ lánàá, mo gé fídíò ìkómọjáde kan tán kí wọ́n tó mú iná lọ.

Ó ku ohun kan. Fọ́tò ìgbéyàwó yín ṣì wà lórí E, pẹ̀lú fóldà kan tí o kọ "Má ṣí i" sí lára. Mi ò ṣí i. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ ni, àbí kí n pa á rẹ́?

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì