Ẹ má yọ àmì kúrò lórí ayò wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi mú gègé. Ó ní fóònù ti pa ayò ọlọ́pọ́n, pé àwa tí a ń ta á lórí WhatsApp, ọ̀lẹ ni wá, ẹ̀fẹ̀ lásán la ń fi ọjọ́ ṣe. Ti ọ̀lẹ yẹn kò dùn mí. Ẹni tó bá yà sí ìsọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá láago mẹ́jọ àárọ̀, tó bá mi níbi tí mo ti di awò mọ́jú, tí mo ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà tó tín-ín-rín bí irun, á mọ irú ọ̀lẹ tí mo jẹ́. "Ẹ̀fẹ̀ lásán" ló dùn mí. Ta ló ń ta ayò láìṣẹ̀fẹ̀?

Fóònù ni mo ń tún ṣe. Rédíò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, ọ̀gá mi ní kí n yáa lọ kọ́ tuntun. Nokia 3310 ló bọ́ wa láyé ìgbà yẹn, eré ejò tó wà nínú rẹ̀ ló sì bọ́ wa jù. Bọ́tìnì 2, 4, 6 àti 8 ni wọ́n fi ń darí ejò náà. Oníbàárà á wọlé pẹ̀lú ojú tó le, á ní òun kò mọ ohun tó ṣe fóònù òun, àwọn nọ́ńbà kan kò jẹ́ mọ́. N óò tú u. Róbà abẹ́ 2, 4, 6 àti 8 á ti jẹ, á máa dán bí iwájú orí àgbàlagbà. Ti 1 àti 3 á wà bíi tuntun. N óò wá bi í pé, "Bọ̀dá, ejò yín ti gùn tó báwo?" Á bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́tiléètì díẹ̀ lórí òwú, mo nù ún, owó wọlé. Lọ́yà wà nínú wọn, pásítọ̀ wà nínú wọn o.

Ayò orí fóònù náà wà. Mo gbé e sórí tèmi rí, òun àti èmi sì jọ ta á fún ọ̀sẹ̀ méjì. N kò rí àléébù nínú títa rẹ̀: ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí èyí tí o gbìn kẹ́yìn bá di méjì tàbí mẹ́ta nílé ẹnìkejì, o jẹ. Kì í rẹ́ni jẹ, kì í rẹ̀ ẹ́. Àwọn òyìnbó tilẹ̀ ti bá ọ̀rọ̀ yìí débi tó jìn. Ní 2002, ọ̀mọ̀wé méjì ní Vrije Universiteit ní Amsterdam, Romein àti Bal, kó kọ̀ǹpútà jọ, wọ́n ní kó yẹ awari wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ ìyá ayò wa ni awari, ojúlé 12 àti ọmọ 48 lòun náà ní. Oríṣi ọ̀nà tí ọmọ lè gbà tò sórí ọpọ́n tí kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò lé ní bílíọ̀nù 889. Ohun tó bá jáde ni pé bí ẹni méjì bá ta á tí ẹnikẹ́ni kò ṣì í ta, ọ̀mì ni. Ó dáa. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò tíì rí ayò tí ẹnikẹ́ni kò ṣì ta ní Mọ́kọ́lá, torí àwọn tó dúró lẹ́yìn wọn kò ní jẹ́.

Àwọn tó dúró lẹ́yìn yẹn gan-an ni fóònù kò ní. Bí èèyàn bá bá wọn nídìí ọpọ́n, á ní, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ!" Wọ́n á dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Ọ̀ta ni ẹni tó jẹ, ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n jẹ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mo jẹ fóònù, kò rojọ́, ó jẹ mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi ní kí ló dé tí mo kàn jókòó jẹ́ẹ́ bí onígbèsè tí olówó ń bọ̀ wá ká mọ́lé. Mo bá yọ ọ́ dànù.

La bá dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀ lórí WhatsApp. Èèyàn 31 ni wá. Télọ̀ kan wà ní Ìwó, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà ní Peckham ní London, nọ́ọ̀sì kan wà ní Houston. Obìnrin ni nọ́ọ̀sì yìí, òun ló sì mọ̀ ọ́n ta jù nínú gbogbo wa, bí àwọn ọkùnrin kan tiẹ̀ fẹ́ jiyàn. Kálukú gbé ọpọ́n tirẹ̀ síwájú. Bó bá kàn mí, n óò ní, "Mo gbé kẹrin," ìyẹn ojúlé kẹrin. Ẹnìkejì á gbé kẹrin mi lórí ọpọ́n tirẹ̀, á gbìn ín, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ìjà má bàa dé. Iṣẹ́ àwọn yòókù ni kí wọ́n máa da ọ̀rọ̀ sí i.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kíkọ la máa ń kọ ọ́, láìsí àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà kankan. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, télọ̀ ará Ìwó àti Bàbá Peckham wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń gbóná, a kò wá gbúròó télọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ohun tó kọ rèé: "Ayo ti pari nile wa. Omo meta lo sonu." Bí gbogbo wa ṣe dákẹ́ nìyẹn. Ayọ̀ ti parí nílé wọn! Ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà! Mo pè é, fóònù rẹ̀ ti kú, NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Nọ́ọ̀sì ń sunkún láti Houston. N kò sùn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ti wà nínú ọkọ̀ Ìwó. Mo bá ọkùnrin yìí tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìsọ̀ rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, orí rẹ̀ wà lábẹ́ máṣíìnì. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló fẹsẹ̀ gbá ọpọ́n lálẹ́ àná, ayò sì dà nù. Ẹ̀rù bà á nígbà tó rí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Àwọn ọmọ dà?" Ó ní, "Mo ti rí méjì, ẹ̀gbọ́n. Ó ku ẹyọ kan."

Mo ń rò ó bọ̀ nínú ọkọ̀. Kí ló sọ wá di ẹni tí kì í fi àmì sọ́rọ̀? Mo mọ díẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Láyé SMS, ẹyọ kan ń gba lẹ́tà 160. Àmọ́ bí o bá fi "ẹ" kan ṣoṣo sínú rẹ̀, fóònù á gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ọ̀nà ìkọ mìíràn, 160 á já sí 70. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba owó ẹyọ kan á di méjì tàbí mẹ́ta. Ta ni yóò máa ra káàdì nítorí àmì abẹ́ lẹ́tà? Bí a ṣe ń kọ Yorùbá bí ẹni tí eyín rẹ̀ ká nìyẹn. WhatsApp kì í ka lẹ́tà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Yorùbá wà lórí Gboard tí Google ṣe, ọ̀fẹ́ ni, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi ń bá oníbàárà tò ó. Gbèsè ti tán, a ṣì ń sá fún olówó.

Lẹ́yìn ọ̀ràn Ìwó, a ṣòfin: ẹni tó bá máa kọ̀wé, kó fi àmì sí i, ẹni tí kò bá mọ àmì, kó fi ohùn ránṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sì jẹ kò gbọdọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Ó ti jẹ mí níyà rí, ìyẹn. Àmọ́ ẹ wá gbọ́ wa láago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ọ̀sán ṣì ń pọ́n ní Houston. Odù ni ọmọ rẹpẹtẹ tí èèyàn kó jọ sí ojúlé kan. Nọ́ọ̀sì: "Bàbá Peckham, ẹ gbé bọ́ọ̀sì yín kúrò lọ́nà, odù mi ń bọ̀ o." Bàbá Peckham: "Odù tí ẹ ti ń kó jọ láti Ọdún Àjíǹde, ṣé ẹ fẹ́ fi kọ́lé ni?" Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ẹ̀fẹ̀ lásán, kó wá dáhùn tirẹ̀ ká gbọ́.

Ohun tí mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Nínú ìwé ìròyìn tí ẹ tẹ̀, àmì pé pérépéré, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n lójú Facebook yín, àkọlé lẹ́tà òǹkàwé yẹn jáde báyìí: "Foonu ti pa Ayo." Ẹni mẹ́rin ló fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wa. Ẹnìkan ń béèrè títí di ìsinsìnyí pé Ayọ̀ wo, ṣé ọmọ alága ni, ṣé fóònù ló bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bá ẹni tó ń gbé e síbẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ fóònù rẹ̀ ni kò gbé àmì, kó mú un wá sí Mọ́kọ́lá, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ n máa lọ. Bàbá Peckham ti gbé kejì rẹ̀ láti àná, ọmọ 14 ló wà ní kẹfà tèmi, n kò sì tíì mọ̀ bóyá kí n dà á báyìí tàbí kí n mú sùúrù díẹ̀ sí i.

Èmi ni tiyín,
Alátùn-únṣe fóònù kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.